Ta Ló Ń Ka Sólà Tó Wà Lórí Òrùlé Wa?

Ọ̀rọ̀ iná ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹjọ́ NEPA tí a ti ń rò láti kékeré. Iná tí àwa fúnra wa ń ṣe lórí òrùlé ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò, àti ti ọkọ̀ oníná mànàmáná tó ń bọ̀ wá bá wa ní àdúgbò.

Ẹ wo òkè ilé ní Ìbàdàn, ní Àkúrẹ́, ní Ìkòròdú. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí lítà kan kò tó naira 200 tẹ́lẹ̀, tó sì ti kọjá naira 1,000 kí ọdún 2024 tó parí, ni sólà ti ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Aránṣọ gbé pánẹ́ẹ̀lì méjì sókè. Ilé ìwòsàn gbé ogún. Lándílọ́ọ̀dù tí ríra epo sí jẹnẹrétọ̀ ti sú yá owó, ó ra ínfátà àti bátìrì. Ìnira ló kọ́ wọn, ohun tí wọ́n ṣe sì dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ iná tó ni àdúgbò yẹn, tí ẹ ní kí wọ́n fi ìwé hàn yín pé ilé mélòó ló ní sólà lábẹ́ tiransifọ́mà kan, ínfátà wọn ṣe tóbi tó, aago mélòó ni wọ́n sì ń fa iná ìlú, ó ṣòro kí ẹ tó rí irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Èrò tèmi ni pé abẹ́ tiransifọ́mà àdúgbò ni ètò iná ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀ ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Iye mẹ́gáwáàtì tí wọ́n ń kà fún wa lórí tẹlifíṣọ̀n kò lè sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iná ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa. Láti Kainji, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1969, tàbí láti Egbin ní ìpínlẹ̀ Èkó, tó lè ṣe mẹ́gáwáàtì 1,320 bí gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, iná á gun wáyà ńlá tó ń gbé fóltì 330,000. Á bọ́ sí 132,000, á bọ́ sí 33,000, á bọ́ sí 11,000, kí tiransifọ́mà àdúgbò tó sọ ọ́ di 415, tí 230 yóò sì wọ inú ilé yín. Ìsàlẹ̀ ni iná ń bọ̀ ní gbogbo ìrìn rẹ̀. Àwọn tó na wáyà yẹn kò rò ó rí pé ilé oníyàrá mẹ́ta kan ní Òṣogbo yóò máa ṣe iná tirẹ̀ ní ọ̀sán gangan.

Ohun kan tún wà tí àwọn ẹnjiníà gbójú lé nígbà tí wọ́n ń yan tiransifọ́mà. Wọn kì í ka gbogbo ohun tó wà nínú ilé yín pọ̀. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, owó tiransifọ́mà kò ní í ṣe é san. Wọ́n gbójú lé e pé gbogbo wa kì í lo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnìkan ń lọ aṣọ ní aago mẹ́fà àárọ̀, aládùúgbò rẹ̀ ṣì ń sùn. Ẹnìkan ń fa omi, ẹni kejì ti lọ sọ́jà. Àìbáradọ́gba yìí ló ń gba wáyà là láti ọdún yìí wá. Sólà, bátìrì àti ọkọ̀ oníná sì lè mú un kúrò, nítorí oòrùn kan náà ló ń ràn sórí gbogbo òrùlé, ìkùukùu kan náà ló ń bò wọ́n, aago kan náà sì ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń délé.

Àwọn kan máa ń sọ pé kí ló kan wáyà ìlú nínú sólà wa, nígbà tí ọ̀pọ̀ ínfátà tí a ń lò kì í dá iná kankan padà sí òpó. Òótọ́ ni pé kì í dá a padà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí àwọn ọmọdé bá pariwo pé “Up NEPA!” Gbogbo fíríìjì àdúgbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí omi ti tán nínú táǹkì rẹ̀ sáré tan ẹ̀rọ ìfami. Gbogbo ínfátà náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pẹ̀lú bátìrì tí ó ti rọ, yára bẹ̀rẹ̀ sí í gba iná. Ínfátà tó ń lo bátìrì fóltì 48, tí wọ́n bá ṣètò rẹ̀ pé kó máa fi 60 amp gba iná, ń fa bíi kílówáàtì 3. Bí ilé ogún bá ní irú rẹ̀, kílówáàtì 60 nìyẹn, ó sì tó ìdá kan nínú márùn-ún agbára tiransifọ́mà 300 kVA, kí ẹnikẹ́ni tó tan gílóòbù kan ṣoṣo. Ẹ̀yin náà mọ èyí tó kù. Fíúsì á já, féèsì kan á kú. Àwọn tó wà lórí féèsì tó kú á ní kí ẹnìkan bá wọn gbé wáyà wọn lọ sórí féèsì kejì, èyí tó ti ń ru ẹrù tirẹ̀, kò sì ní í pẹ́ tí òun náà á fi gbóná.

Bẹ́ẹ̀ ojútùú ìṣòro yìí wà nínú ínfátà náà gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ibi tí a ti lè yàn pé kí oòrùn kọ́kọ́ kún bátìrì, kí iná ìlú má ṣe dá sí i àfi tí ó bá rọ gan-an, a sì lè dín 60 amp yẹn kù sí 20 tàbí 10. Ẹni tó wá de sólà yín lè ti kúrò láì sọ fún yín pé ibẹ̀ wà. Ẹ pè é padà. Bátìrì tó bá fi wákàtí mẹ́fà gba iná díẹ̀díẹ̀ yóò kún bí èyí tó fi wákàtí kan gbà á, àdúgbò á sì sinmi.

Ìgbà òjò tún ní tirẹ̀. Ní ọ̀sán oṣù Kejì, ilé tó ní sólà lè má béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ iná. Nígbà tó bá di oṣù Keje, tí ojú ọ̀run bá ṣú fún ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo wọn á padà wá lọ́jọ́ kan náà. Ilé-iṣẹ́ iná tó ti rò pé ẹrù àdúgbò yẹn ti fúyẹ́, tó sì ti gbé tiransifọ́mà tó kù nílẹ̀ lọ síbòmíràn, á rí i pé wọn kò kúrò rárá. Ìdí nìyí tí kíkà fi ṣe pàtàkì.

Kí a lè rí ohun tí sólà púpọ̀ lè fi ojú wáyà rí, ẹ jẹ́ ká rìnrìn àjò lọ sí Gúúsù Ọsirélíà, ìpínlẹ̀ tí Adelaide jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò pọ̀, wọn kò tó mílíọ̀nù méjì, ṣùgbọ́n ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ilé wọn tó ní sólà, àwọn ínfátà wọn sì ń ti iná tó ṣẹ́kù padà sórí wáyà ìlú. Bí ilé púpọ̀ bá ń ti iná síta lójú pópó kan náà, fóltéèjì ojú pópó náà á máa gòkè. Bí ó bá ga jù, ẹ̀rọ inú ilé lè bàjẹ́, nítorí náà ínfátà á pa ara rẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà jù sí tiransifọ́mà ló sábà máa ń kọ́kọ́ jìyà: oòrùn ń ràn yòò lórí pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀, kò sì rí nǹkan kan tà.

Ìṣòro tó tóbi ju ìyẹn lọ wà ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, tí ilé-iṣẹ́ ńlá ti pa, tí oòrùn mọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí ooru kò mú débi tí wọ́n á fi tan ẹ̀rọ amúlétutù, iná orí òrùlé máa ń fẹ́ pọ̀ ju ohun tí àwọn ènìyàn lè lò lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2023, sólà orí òrùlé nìkan ṣe iná tó ju gbogbo èyí tí ìpínlẹ̀ náà ń lò lọ fún ìgbà díẹ̀ lọ́sàn-án. Wọ́n ta èyí tó ṣẹ́kù fún Victoria tó múlé tì wọ́n. Bí ìjì bá já wáyà tó so ìpínlẹ̀ méjèèjì pọ̀ nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Wọ́n mọ ohun tí ìjì lè ṣe, nítorí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016 ni ìjì wó òpó ńlá-ńlá, tí gbogbo ìpínlẹ̀ náà sì bọ́ sínú òkùnkùn.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe le díẹ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 ni wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ń de sólà tuntun ní aṣojú tó lè pa á láti òkèèrè bí ewu bá dé. Ó yé mi bí inú àwọn ènìyàn kò bá dùn sí i. Ta ló fẹ́ kí wọ́n dá owó òun dúró lórí òrùlé òun? Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀ lé e ló wú mi lórí jù. Ilé-iṣẹ́ tó ni wáyà níbẹ̀, SA Power Networks, ṣètò méjì fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ìwọ̀n kan tí kì í yí padà, kílówáàtì 1.5 péré ni yóò lè máa tì síta nígbà gbogbo. Ẹni tó bá gbà kí ínfátà rẹ̀ máa gba ìròyìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa bí wáyà ojú pópó rẹ̀ ṣe rí, òun lè ti tó kílówáàtì 10 nígbà tí àyè bá wà, kó sì padà sí 1.5 nígbà tí àyè bá há. Ọ̀pọ̀ wákàtí nínú ọdún ni àyè máa ń wà. Nípa bẹ́ẹ̀, wáyà tó wà nílẹ̀ gba sólà tó pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, láì gbẹ́ ihò òpó tuntun.

Wọ́n tún ṣe ohun kan tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òru ni wọ́n máa ń tan táǹkì omi gbígbóná inú ilé, nítorí òru ni iná máa ń ṣẹ́kù ní ilé-iṣẹ́ amúnáwá. Nígbà tí sólà dé, ọ̀sán ni iná ń ṣẹ́kù. Wọ́n yí aago ọ̀pọ̀ táǹkì náà padà sí ọ̀sán. Láti oṣù Keje ọdún 2020 ni wọ́n sì ti ní iye owó kan tó rẹlẹ̀ fún lílo wáyà láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán, kí àwọn ènìyàn lè máa fọ aṣọ, kí wọ́n máa mú ilé tutù, kí wọ́n máa fi iná sínú ọkọ̀ wọn lásìkò yẹn.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. A kò ní táǹkì omi gbígbóná nínú gbogbo ilé, ṣùgbọ́n a ní kànga ẹ̀rọ. Kò sí àdúgbò tí ẹ kò ní í rí táǹkì lórí ìdúró onírin. A ní àwọn ìyá ẹlẹ́ja dídì tí fírísà wọn lè dì gbagidi ní ọ̀sán kí ó sì dúró títí di ọ̀gànjọ́. A ní àwọn tó ń lọ ata, àwọn tó ń lọ àgbàdo, àwọn tó ń ta áìsì. Àwọn wọ̀nyí lè gba iná ọ̀sán. Ṣùgbọ́n kí ni yóò mú wọn ṣe é, nígbà tí yúnìtì ọ̀sán àti yúnìtì alẹ́ ń jẹ́ iye kan náà? Ètò tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, tó sọ owó yúnìtì àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn ìpele tó ń rí iná jù lọ, di naira 225 láti naira 68, iye wákàtí tí ẹ ó fi rí iná ni ó wò, kò wo aago tí ẹ lò ó. Ẹni tó fa omi ní aago kan ọ̀sán àti ẹni tó fa omi ní aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò ń gbóná, owó kan náà ni wọ́n san. Mo gbà pé èyí gbọ́dọ̀ yí padà, mo sì mọ̀ pé yóò béèrè mítà tó lè ka aago, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé kò tilẹ̀ ní mítà kankan, tí bílì àfojúbù ni wọ́n ń gbà. Mítà ló yẹ kí ó ṣáájú nínú ètò èyíkéyìí.

Jámánì ní ẹ̀kọ́ mìíràn fún wa, ó kúrú ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀. Iná tí a ń lò níhìn-ín àti ní Yúróòpù ń lọ, ó ń bọ̀, nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí iná tí wọ́n ń ṣe bá ju èyí tí wọ́n ń lò lọ, òǹkà yẹn á gòkè díẹ̀; bí kò bá tó, á wálẹ̀. Nígbà tí sólà ṣì kéré ní Jámánì, ìlànà wọn sọ pé bí òǹkà náà bá ti dé 50.2, kí ínfátà pa ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan tó burú níbẹ̀. Sólà wá ń pọ̀ títí ó fi di ọ̀pọ̀ gígáwáàtì, gbogbo wọn ló sì ti gba ìtọ́ni pé kí wọ́n kú ní òǹkà kan náà. Bí òǹkà yẹn bá dé lọ́jọ́ kan, iná tó tó láti mú gbogbo wáyà ìlú ṣubú yóò pòórá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ọdún 2012 ni ìjọba wọn pa á láṣẹ pé kí wọ́n padà lọ tún ínfátà tó lé ní 300,000 ṣe, kí wọ́n lè máa pa ara wọn ní òǹkà tó yàtọ̀ síra. Ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé ìlànà ló fa gbogbo ìnáwó yẹn. Àwa tí wáyà wa ṣubú ju ìgbà mẹ́wàá lọ ní ọdún 2024 nìkan kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí irú ìlà bẹ́ẹ̀ wọ inú tiwa.

Ó ku ọkọ̀. Àwọn kan á ní ó ti yá jù, wọ́n á ní mélòó ni ọkọ̀ oníná tó wà ní Nàìjíríà? Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ wa. Ní Kútọnu àti Lomé, láti ọdún 2022 ni àwọn ọ̀kadà oníná mànàmáná ti wà lójú pópó, tí àwọn ọlọ́kadà ń yà sí ibùdó ilé-iṣẹ́ Spiro láti fi bátìrì tó rọ sílẹ̀ kí wọ́n sì gbé èyí tó kún. Ní ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ Oando àti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kó bọ́ọ̀sì oníná wọlé fún ìdánwò. Ọ̀kadà ni mo rò pé yóò kọ́kọ́ pọ̀ lọ́dọ̀ wa, kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó tẹ̀ lé e, nítorí bátìrì rẹ̀ kéré, owó epo tí ọlọ́kadà yóò sì tọ́jú pọ̀ lójú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ètò pípààrọ̀ bátìrì yẹn tún dára fún wáyà iná, torí ibùdó náà ló ń pinnu aago tí yóò kún bátìrì rẹ̀. Ó lè kún wọn ní ọ̀sán láti ara sólà orí òrùlé rẹ̀. Ọlọ́kadà kò ní í mọ̀, kò sì kàn án.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ènìyàn ń gbé wọlé ló ń fẹ́ ìṣirò. Ká sọ pé tiransifọ́mà 500 kVA kan ń fún ilé 150 ní iná, tí ilé kọ̀ọ̀kan ń lo kílówáàtì 2 ní aago méje alẹ́. 300 nìyẹn, kò sí ewu. Ká wá sọ pé ọgbọ̀n nínú wọn ra ọkọ̀ oníná. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri láti fi kún ọkọ̀ sábà máa ń fa bíi kílówáàtì 7. Bí ọgbọ̀n bá délé ní aago méje, tí wọ́n sì ki wáyà bọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, 210 ti gun orí 300. Ó ti di 510, tiransifọ́mà ti kọjá agbára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdá kan nínú márùn-ún ilé péré ló tíì ní ọkọ̀. Ẹ jẹ́ ká tún un kà lọ́nà mìíràn. Ọkọ̀ tó rin kìlómítà 40 lójúmọ́ ń jẹ bíi yúnìtì 8. Ọgbọ̀n ọkọ̀, yúnìtì 240. Bí a bá pín in sí wákàtí mẹ́fà, láti aago mọ́kànlá alẹ́ sí aago márùn-ún ìdájí, kílówáàtì 40 péré ni yóò máa fà. Àwọn ọkọ̀ kan náà ni, wáyà kan náà, tiransifọ́mà kan náà. Aago nìkan ló yàtọ̀.

Ẹ̀yin ará wa ní Ìlú Ọba lè ti rí èyí lára ẹ̀rọ tí wọ́n gbé kọ́ ògiri yín. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2022, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí irú ẹ̀rọ tuntun bẹ́ẹ̀ ti ní ètò láti ilé-iṣẹ́ pé kò ní í gba iná láàárín aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá àárọ̀ àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́wàá alẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́, àfi bí onílé bá yí i padà fúnra rẹ̀. Wọ́n tún fi kún un pé bí aago iná olówó pọ́ọ́kú bá lù, kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan dúró fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tó yàtọ̀ sí ti aládùúgbò rẹ̀, tó lè tó mẹ́wàá, kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ronú kan ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí gbogbo ọkọ̀ bá sùn títí di ọ̀gànjọ́ kí wọ́n tó jí lẹ́ẹ̀kan náà, àǹfààní kí ni a rí?

Ọ̀rọ̀ owó wá kù, òun ló sì ń ká mi lára jù. Ẹ rò ó bí ẹgbẹ́ ìlú tó yá owó kọ́ gbọ̀ngàn, tí ọmọ ẹgbẹ́ ọgọ́rùn-ún ń dá owó láti san án. Bí ogún tó lówó jù bá kọ́ gbọ̀ngàn tiwọn, tí wọn kò dá mọ́, gbèsè náà kò dín kù. Ọgọ́rin tó kù ni yóò pín in. Wáyà, òpó àti tiransifọ́mà ní owó tí wọ́n ń jẹ, bí a lo yúnìtì púpọ̀ bí a lo díẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ ń ra sólà ni àwọn tó ń ra yúnìtì púpọ̀. Ní Pakistan, níbi tí wọ́n ti kó pánẹ́ẹ̀lì tó bíi gígáwáàtì 17 wọlé ní ọdún 2024 nìkan, wàhálà yìí ti di ọ̀rọ̀ ìjọba. Níhìn-ín, ta ni yóò ṣẹ́kù sórí wáyà? Ayálégbé ni, tó ń gbé yàrá kan nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá, tí òrùlé kì í ṣe tirẹ̀, tí kò sì lè gun orí rẹ̀ láì tọrọ àyè. Bí a bá jẹ́ kí owó wáyà máa gorí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, a ti fìyà jẹ ẹni tó ṣe aláìní jù láàárín wa.

N kò fara mọ́ pé kí wọ́n bu owó orí lé pánẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó ti ọwọ́ ara rẹ̀ wá iná láàárín ìyà kò yẹ ní ẹni tí à ń bá jà. Ohun tí mo rò pé ó tọ́ ni pé kí ẹni tó ṣì so mọ́ wáyà, tó sì ń gbára lé e fún ọjọ́ òjò, san ìwọ̀nba owó fún wáyà náà. Kí wọ́n sì máa ra iná tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ ní iye tó dára, kí ilé-iṣẹ́ iná lè tà á fún ayálégbé tí kò ní òrùlé ní ọ̀sán kan náà, lábẹ́ tiransifọ́mà kan náà. Iná bẹ́ẹ̀ kò ní í rìn láti Kainji. Láti ilé kan sí ìkejì ni.

Àǹfààní láti ṣe é wà lọ́wọ́ wa báyìí ju ti ìgbàkígbà rí lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023 ni wọ́n tún ìwé òfin orílẹ̀-èdè ṣe, tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi lè ṣòfin lórí iná tirẹ̀ kódà níbi tí wáyà ńlá ìjọba àpapọ̀ dé. Òfin iná tuntun sì tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹfà. Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́, Èkó àti Ògùn ti ń gba àkóso náà sọ́wọ́. Ìyẹn ni pé àwọn tí yóò kọ ìlànà sólà àti ọkọ̀ oníná fún wa kò jókòó sí Àbújá nìkan mọ́. Wọ́n wà ní Adó-Èkìtì, ní Àkúrẹ́, ní Ìbàdàn, níbi tí ẹ ti lè kọ lẹ́tà sí wọn kí ẹ sì lọ bá wọn níjókòó. Ohun tí mo máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn ni ìwé ìforúkọsílẹ̀: fọ́ọ̀mù ojú ewé kan, láìgba kọ́bọ̀, tí ẹni tó ń de sólà yóò kún lọ́jọ́ tó bá parí iṣẹ́, tí yóò sọ nọ́ńbà tiransifọ́mà, bí ínfátà ṣe tóbi tó, àti bóyá ó lè ti iná síta. Bí wọ́n bá gba owó lórí rẹ̀, àwọn ènìyàn á fi pamọ́. Kí ó jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ìforúkọsílẹ̀ yẹn kan ẹ̀mí ènìyàn pẹ̀lú. Tiransifọ́mà kì í ṣiṣẹ́ níhà kan ṣoṣo. Bí jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà tí wọ́n so lódì bá ti iná sórí wáyà àdúgbò nígbà tí NEPA ti mú iná lọ, tiransifọ́mà kan náà tó ń sọ 11,000 di 415 yóò sọ 415 padà di 11,000, ọmọ ẹlòmíràn tó gun òpó láti tún wáyà ṣe á sì rò pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ínfátà tó bá ìlànà mu gbọ́dọ̀ dá iná tó ń tì síta dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì tí iná ìlú bá ti lọ. Ẹ bi ẹni tó ń de sólà yín léèrè pé, bí iná bá lọ nísinsìnyí, ǹjẹ́ ohunkóhun lè ti ilé mi padà sí òpó? Ẹ ní kí ó pa iná ìlú ní ojú yín, kí ó fi mítà ọwọ́ rẹ̀ wọn wáyà tó ń jáde lọ sí ìta. Bí kò bá lè fi hàn yín, ẹ má tíì san owó rẹ̀ tó kù.